Omi Tí A Sọ Lórúkọ ní Pobè

Àádọ́jọ fránkì ni mo ra sálúbàtà aláwọ kan ní Sakété, lọ́wọ́ Múítàbà aránbàtà tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo nájà náà títí òùngbẹ fi gbẹ òun àtèmi. Mo wọ̀ ọ́ wò níbẹ̀, ó bá mi mu bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tó di ọjà kejì, bàtà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Nígbà tó di ọjà kẹta, ó ń gé mi lẹ́sẹ̀. Mo gbé e padà, mo jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà.

"Múítàbà, ìwọ olè yìí, o ti pààrọ̀ bàtà mi."

"Ìyá Ràmátù, ibo ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀? Ṣebí ilé yín ló wà."

"Awọ ewúrẹ́ tí ebi ń pa lo fi ṣe é. Ó ń súnkì."

Ó wo bàtà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ìka kan tẹ̀ mí lọ́rùn ẹsẹ̀. Ìka náà wọlé bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ ẹ̀kọ tútù. Nígbà tó yọ ọ́, ojú ibẹ̀ kò kún padà. Ihò náà dúró síbẹ̀, ó ń wò wá.

"Ẹ gbọ́, Ìyá," ó ní, "bàtà mi ò súnkì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fẹ̀. Ẹ lọ fi ẹsẹ̀ yìí han ẹni tó mọ̀."

Mo bú u dáadáa kí n tó kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i pé àyà mi ti já. Nítorí náà, ìwọ tí ò ń ka èyí, bí bàtà rẹ bá ṣàdédé kéré, má bá aránbàtà jà. Tẹ ẹsẹ̀ ara rẹ wò.

Èkùrọ́ ni èmi ń rà. Mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Sakété lọ sí Pobè, kí n ra èkùrọ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, kí n sì kó o padà wá tà fún ilé ìtajà òyìnbó tó ní òṣùwọ̀n ńlá. Ọdún méjì péré ni mo lò nílé ìwé kí bàbá mi tó sọ pé ọmọbìnrin tó bá ti lè ka owó ti kàwé tán. Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá wọ́, ẹ bá mi tọ́ ọ. Ẹnu mi ni kò wọ́ rí.

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ó kan ojú. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìpéǹpéjú mi á wú bí ẹni tí oyin ta. Ìtọ̀ mi kéré, ó sì ń hó bí omi ọṣẹ. Lẹ́yìn náà ni ikùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síwájú. Ìyáálé mi wò mí títí, ó ní, "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe pé o tún ti lóyún?"

Mo ní, "Ẹ bi ọkọ wa. Bó bá jẹ́ oyún ni, á jẹ́ pé lẹ́tà ló fi fún mi lóyún, nítorí ó ti pẹ́ tó ti kọjú sí yàrá mi kẹ́yìn."

Bàbá Ràmátù tó wà nínú pálọ̀ húkọ́. Kò yọjú.

Bí ara ènìyàn bá wú, gbogbo ará ilé ló ń di oníṣègùn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Rájí, ní òun mọ bàbá kan ní Ìta-Jẹ̀bú tí àgbo rẹ̀ kì í tàsé. Ewúrẹ́ kan ni wọ́n gbà kí wọ́n tó fún mi ní ìkòkò náà. Mo mu ún, mo sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé títí ó fi kù díẹ̀ kó jẹ́ pé ẹnu mi nìkan ló máa padà wọlé. Ìyá ọkọ mi ní ẹnì kan ló da nǹkan sílẹ̀ tí mo tẹ̀. Àwọn tó ní àwọn á wẹ̀ ẹ́ kúrò gba àgbò. Ìyáálé mi sì ń se ọbẹ̀ oníyọ̀ púpọ̀ fún mi lójoojúmọ́, ó ní iyọ̀ ló máa fa omi náà jáde. Inú rere ló fi ń ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀tá mi ni, kò lè mọ ohun tí yóò ṣe mí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Mò ń jẹ, mò ń dúpẹ́, mò ń wú.

Nígbà tí mo ní mò ń lọ sí ilé ìwòsàn, ilé dàrú. Rájí dìde sórí ẹsẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ tó gùn bí ìka ni wọ́n máa fi gún ọ níkùn. Omi á jáde, ẹ̀mí á tẹ̀ lé e. Mo mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí."

"Kí ni orúkọ ẹni náà, Ẹ̀gbọ́n?"

"Wọ́n sọ fún mi ni."

"Ó dáa. Ẹran ti tán lágbo mi. Èmi fúnra mi ló kù tí wọ́n lè mú. Ẹ jẹ́ kí n gbé ara mi lọ síbi tí wọn ò ti ní jẹ mí."

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pobè láìwọ bàtà. Mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó kí mi lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Rájí ti wọ̀ mí lára.

Ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ènìyàn mi! Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo débẹ̀, èrò sì ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ìdí igi máńgòrò. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n, àwọn àgbẹ̀ tí àdá ṣá, àwọn tí sòbìyà ń yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹni tí kò bá lè dúró mọ́ á fi òkúta tàbí fìlà rẹ̀ sílẹ̀ kó máa bá a tò. Òòrùn gòkè, èmi àti fìlà ẹnì kan ń wo ara wa. Nígbà tó sú mi, mo ti ikùn síwájú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà fún aboyún." Wọ́n yà. Ìyá arúgbó kan tiẹ̀ súre fún mi pé n ó bí tibi-tire. Àǹfààní àkọ́kọ́ tí mo jẹ lára àìsàn náà nìyẹn.

Dókítà òyìnbó tẹ̀ mí síhìn-ín, tẹ̀ mí sọ́hùn-ún, ó wo ìtọ̀ mi nínú ìgò, ó ń sọ èdè rẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ fún mi ni ẹnfimíyè rẹ̀, ọkùnrin tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ tó sì ń tọ́jú ojú ọgbẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, Mùsé Fẹlí là ń pè é, bí àwọn Faransé ti ń pe ọ̀gbẹ́ni. Ó ní dókítà sọ pé ó ti rẹ kíndìnrín mi. Omi tó yẹ kí ó dà síta ló ń dà sínú mi. Iyọ̀ ti di èèwọ̀. Wọ́n á sì máa fi abẹ́rẹ́ fa omi inú ikùn mi, bó bá tún kún, kí n tún padà wá.

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí yóò fi dáwọ́ kíkún dúró."

"Bí kò bá dáwọ́ dúró ńkọ́?"

Ìyẹn ni Mùsé Fẹlí kò túmọ̀ fún dókítà.

Yàrá tí wọ́n ti ń fa omi náà kéré. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níbẹ̀, níwájú rẹ̀ ni wọ́n to àwọn abọ́ tánganran sí. A jẹ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà. Láwàní, aránṣọ kan láti Takon, ọmọdé ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bàbá Àkànní, àgbẹ̀ Ọ̀họ̀rí, gbogbo ara rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná, ikùn nìkan ló sanra. Èmi ni ìkẹta. A wo abọ́, abọ́ wò wá. Láwàní ń gbọ̀n, bẹ́ǹṣì sì ń bá a gbọ̀n, gbogbo wa sì ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀ bí èrò inú ọkọ̀ ojú irin.

Mùsé Fẹlí yọ abẹ́rẹ́ náà síta. Rájí kò parọ́ nípa gígùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀ báyìí, n ó dìde sáré ni, ẹsẹ̀ mi kò sì ṣeé sáré. Mo ní:

"Mùsé, ẹ rọra o. Awọ tí ẹ fẹ́ gún yẹn, mi ò tíì sanwó rẹ̀ tán lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Bàbá Àkànní ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú, ikùn náà mì, Láwàní rí ikùn tó ń mì, òun náà bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa fi wolẹ̀, abẹ́rẹ́ ti wọlé, omi ti ń dà sínú abọ́. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ìrora rẹ̀ kò tó ti bàtà Múítàbà.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín mọ́," Mùsé Fẹlí kígbe. "Abẹ́rẹ́ wà nínú yín!"

Ìyẹn ló wá pa wá lẹ́rìn-ín jù.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ iṣẹ́ mi níbẹ̀. Bí a bá ti jókòó, ẹ̀rù á kọ́kọ́ dé, n ó sì máa wá ohun tí n ó sọ sí i. Ní ọjọ́ kan mo wo ikùn wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní, "Ẹ̀yin ènìyàn, àwa tí à ń bímọ báyìí, ta ló ń bá wa sọ wọ́n lórúkọ?" Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ ìsọmọlórúkọ. Bí omi ẹnì kan bá ti kún abọ́, àwa yòókù á pé lé e lórí, àá ní ó jọ bàbá rẹ̀. Omi wà, obì wà, ataare wà lápò Bàbá Àkànní. Iyọ̀ nìkan la kò gbé síbẹ̀, nítorí òfin dókítà. Ẹ sì mọ̀ pé níbi ìsọmọlórúkọ, ẹni tó bá fẹ́ fún ọmọ lórúkọ gbọ́dọ̀ sọ owó sílẹ̀. A gbé igbá kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ fún ìyẹn.

Láwàní sọ tèmi ní Ọ̀rọ̀pọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí mo gbé mì ló di omi. Èmi sọ tirẹ̀ ní Àjẹkù-aṣọ, nítorí kò sí aránṣọ Takon kan tó dá ìyókù aṣọ padà fún mi rí. Nígbà tó kan ti Bàbá Àkànní, òun fúnra rẹ̀ na ọwọ́ sí àpò, ó sọ fránkì kan sínú igbá, ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, èmi ni n ó sọ tèmi. A fà á, ó lọ, ó tún padà wá. Babátúndé ni." A rẹ́rìn-ín títí Mùsé Fẹlí fi jókòó sílẹ̀.

Ìyàwó Bàbá Àkànní kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ìdí ààrò ló wà, níbi tí àwọn ará ilé aláìsàn ti ń se oúnjẹ. Ìyá Ọ̀họ̀rí là ń pè é, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ń bọ̀ pẹ̀lú àwo oúnjẹ ni Mùsé Fẹlí gbé abọ́ jáde, ó dà á sínú gọ́tà. Láwàní, tó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ní, "Ó dàbọ̀ o, Babátúndé!"

Ìyá Ọ̀họ̀rí dúró. "Ta ni Babátúndé?"

A sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé àwo sílẹ̀.

"Bàbá Àkànní, bàbá yín kú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo ilé ń retí kó yà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa. Ẹ sọ owó sílẹ̀, ẹ fẹnu ara yín pe orúkọ náà lé e, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dà á sí gọ́tà?"

"Eré ni, ìyàwó mi."

"Wọn kì í fi ìsọmọlórúkọ ṣeré. Ohun tí ẹ bá sọ lórúkọ ti di ọmọ."

Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú bàbá náà. Ìgbà tí wọ́n tún fẹ́ fa omi rẹ̀, ó ní rárá. Ó ní òun kò ní da bàbá òun nù lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà bínú, Mùsé Fẹlí bẹ̀ ẹ́ ní èdè Gùn, ó bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá, bàbá náà di etí. Ikùn rẹ̀ ń ga. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́, ó ń fi ìjókòó sùn, ó ń mí bí ẹni tó gun òkè. Ìyá Ọ̀họ̀rí ti ń di ẹrù, wọ́n ń wá ọkọ̀ tó máa gbé wọn padà sí oko.

Mùsé Fẹlí fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìyá Ràmátù, bó bá délé láìfa omi yẹn, á kú. Ẹnu yín ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ fi ẹnu náà parí rẹ̀."

Àwa tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó ń retí òkú. Láwàní ní òun náà ò mọ̀ bóyá òun á tún jẹ́ kí wọ́n gún òun. Èmi pàápàá, ọ̀rọ̀ Rájí padà dé sí mi létí. Mo wá rí i pé bí bàbá yìí bá lọ, gbogbo wa la ó tẹ̀ lé e lọ.

Mo wọ́ ẹsẹ̀ mi lọ bá Ìyá Ọ̀họ̀rí nídìí ààrò. Mo kúnlẹ̀ bí ikùn ti jẹ́ kí n kúnlẹ̀ mọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Mo wá béèrè nǹkan."

"Ìwọ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kò tíì rẹ ẹnu rẹ?"

"Kò tíì rẹ̀ ẹ́, Ìyá. Irú ènìyàn wo ni bàbá ọkọ yín nígbà tó wà láyé?"

"Ènìyàn jẹ́jẹ́. Kò pariwo mọ́ mi rí. Ó fẹ́ràn ọkọ mi ju àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù lọ."

"Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ǹjẹ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀ lè wá jókòó sínú ikùn ọmọ rẹ̀, kó má jẹ́ kó sùn, kó má jẹ́ kó mí?"

Ó ń fi ṣíbí ro ọbẹ̀.

"Ìyá, ọmọ tó bá ń lọ tó ń padà, tó ń fìyà jẹ ẹni tó bí i, kí là ń pè é lọ́dọ̀ yín?"

Ó gbójú sókè. "Àbíkú."

"Ẹ ti sọ ọ́. Àbíkú ni omi yìí. Ó gbọ́ pé wọ́n ń retí arúgbó nílé, ó wá jí orúkọ rẹ̀ wọ̀, kí wọ́n lè máa ṣìkẹ́ rẹ̀. Elékèé ni."

Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Elékèé," ó ní. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. "Ó wá jẹ orúkọ bàbá ọkọ mi?"

Mo tẹ̀ lé e wọ yàrá. Bó ti ń lọ ló ń so ìró rẹ̀ le. Ó ní kí Bàbá Àkànní mú fránkì rẹ̀ kúrò nínú igbá, nítorí ẹni tó fúnni lórúkọ ló lè gbà á padà. Bàbá náà wò ó, ó wò mí, ó mú owó náà, ó ní, "Mo gba orúkọ bàbá mi padà." Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ọ̀họ̀rí yíjú sí Mùsé Fẹlí. "Kí lẹ dúró ń wò? Ẹ gún un!"

Nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí abọ́ tánganran:

"Ìwọ Ààtàn! Ìwọ Kòsọ́kọ́! Olè orúkọ! Bàbá ọkọ mi kì í mu ju ààbọ̀ igbá omi lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ìwọ mu tó garawa, o ní òun ni ọ́! Ojú rẹ kò tilẹ̀ jọ tiwa! Jáde! Má wẹ̀yìn! Bó o bá tún fẹ́ padà, gba ọ̀dọ̀ agbowó-orí lọ, inú tirẹ̀ láyè!"

Bàbá Àkànní rẹ́rìn-ín dé ibi tí Mùsé Fẹlí ti fi ọwọ́ méjèèjì di abẹ́rẹ́ mú, tó ń bẹ Ọlọ́run Gùn àti ti Yorùbá. Láwàní ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Èmi tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́nu, mo gbé ẹnu mi pa mọ́. Mo ti rí ọ̀gá mi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Àkànní fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì sùn.

Láti ìgbà yẹn, Ìyá Ọ̀họ̀rí ló ń bá wa lé omi. Àwọn aláìsàn mìíràn tí kò ní omi nínú pàápàá máa ń wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà láti gbọ́ ọ.

N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀rín kì í wo kíndìnrín. Láwàní kò là á já. Nígbà òjò, wọ́n gbé e lọ sí Takon, ó sì sùn tí kò jí. Ọjọ́ tí wọ́n fa omi rẹ̀ kẹ́yìn, ó ní kí n sọ ọ́ lórúkọ, mo wá ọ̀rọ̀ tì. Òun ló ní, "Ẹ sọ ọ́ ní Ó-tó," ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ṣì ń rántí eyín rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rín ń ṣe ni pé ó ń gbé ènìyàn dé orí bẹ́ǹṣì. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ wà, abẹ́rẹ́ ló sì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù lé sá kúrò lórí bẹ́ǹṣì kò ní àǹfààní kankan tó kù.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé kíndìnrín ni, jáwọ́ nínú iyọ̀, bí ìyáálé rẹ bá tilẹ̀ ń sunkún. Má jẹ́ kí wọ́n gba ẹran rẹ tán kó o tó lọ. Máa lọ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní kó o wá. Bí o kò bá mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe, jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì máa sọ omi lórúkọ, ẹ jẹ́ kó jẹ́ orúkọ tí ẹ lè dà sí gọ́tà.

Èmi nìyí. Ó ti pẹ́ tí Ọ̀rọ̀pọ̀ ti padà wá kẹ́yìn, láti ìgbà ọyẹ́ ni wọn kò ti fa nǹkan kan lára mi. Ojú mi ń wú díẹ̀ láàárọ̀, ó ń wálẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti irú tí kò ní iyọ̀ ni mo fi ń se ọbẹ̀. Ọkọ mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi fún ohun gbogbo. Mo ti padà sídìí èkùrọ́.

Lọ́jọ́ ọjà Pobè tó kọjá, ta ni mo rí? Bàbá Àkànní ni, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, Ìyá Ọ̀họ̀rí ń tẹ̀ lé e, wọ́n gbé àpò èkùrọ́ kan wá. A dì mọ́ ara wa. Ó wo ikùn mi, ó ní, "Ìyá Ràmátù, o ti bímọ láìpe wá sí ìsọmọlórúkọ." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nínú ẹ̀rín náà ni mo ti gbé àpò wò, ó wúwo dáadáa, mo sanwó fún un láìtú u wò. Èmi, tí mi ò ra ẹyọ èkùrọ́ kan rí lọ́wọ́ bàbá tó bí mi láìtú u wò!

Nígbà tí mo dé Sakété tí mo tú àpò náà, òkè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù rin. Àgbàlagbà náà ti da omi sí èkùrọ́ kó lè wúwo. Mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ, kí n tó gbé e sórí òṣùwọ̀n òyìnbó. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n, mò ń rẹ́rìn-ín nìkan bí wèrè, akọ̀wé wọn ń wò mí. Ara Bàbá Àkànní ti yá. Ara rẹ̀ ti yá pátápátá. Fránkì mẹ́tàlélógún ni mo pàdánù.